Òtútù Orí Òkè: Ìrìnàjò Alùpùpù Ọjọ́ Méjì ní Àfonífojì Elan

Bí ẹ bá sọ fún ìyá kan ní Òṣogbo pé ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ti ra alùpùpù, ọlọ́kadà tó ń sá eré àsápajúdé, tó kó èrò mẹ́ta sẹ́yìn láìdé akoto, ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Ẹ ò lè dá a lẹ́bi. Ohun tí ojú wa ti rí lára ọ̀kadà nílẹ̀ wa kò kéré, ó sì wà lára ohun tó mú kí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lé wọn kúrò láwọn títì ńláńlá lọ́dún 2012, lọ́dún 2020, àti lọ́dún 2022.

Eré ìdárayá ni alùpùpù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Àwọn tó ń ṣe é kì í wá èrò, wọn kì í sì í bá ọkọ̀ du títì. Inú igbó àti orí òkè ni wọ́n ń lọ, lórí ọ̀nà olókùúta tí mọ́tò kò fi bẹ́ẹ̀ gbà, wọn a sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Púpọ̀ nínú wọn ni irun ti funfun lórí wọn. Ewu wà níbẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ ewu tó tóbi jù nígbà òtútù kì í ṣe eré sísá, kì í sì í ṣe ọ̀gbun. Òtútù fúnra rẹ̀ ni, nítorí ó máa ń jí ọgbọ́n orí èèyàn gbé kí onítọ̀hún tó mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó sílé pàápàá.

Àwa márùn-ún la gbéra láti Birmingham ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kìíní, a dorí kọ àáríngbùngbùn ilẹ̀ Wales. Ẹni tó dàgbà jù nínú wa ni Bàbá Ìjẹ̀bú, ẹni ọdún 67, tó fi ọgbọ̀n ọdún wa bọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì. Sístà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, ọmọ Iléṣà, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Àbúrò ló kéré jù, ọmọ ọdún 26, òun ni ìyá rẹ̀ wà ní Òṣogbo. Ọmọ bíbí Wales kan tó mọ ọ̀nà ibẹ̀ bí ẹní mowó ló ń ṣáájú wa, Atọ́nà ni màá máa pè é. Èmi ni mo ṣìkarùn-ún.

Nílẹ̀ yẹn, ilẹ̀ kì í mọ́ dáadáa títí di nǹkan bí aago 8 òwúrọ̀ lóṣù kìíní, kí aago 5 ìrọ̀lẹ́ sì tó lù, òkùnkùn ti ṣú. Wákàtí mẹ́jọ péré ni ìmọ́lẹ̀ tí èèyàn ní. Ìdí nìyẹn tí a fi kúrò nílé nígbà tí ilẹ̀ kò tíì là, ọ̀nà náà sì lé ní máìlì 80 kó tó di pé a kan òkè.

Òtútù ọjọ́ náà jẹ́ dígírì 2 péré sókè ibi tí omi ti ń dì. Ẹni tó dúró sójú kan lè fara da ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gun alùpùpù ní àádọ́ta máìlì ní wákàtí kan, atẹ́gùn tó ń kọjú sí i yóò mú kí ara rẹ̀ máa gbà á bí ẹni pé dígírì 7 sísàlẹ̀ ibi tí omi ti ń dì ni. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀kọ gbígbóná kí ẹ tó fi fún ọmọ, ohun kan náà ni. Ooru tó wà lára ẹ̀kọ ni atẹ́gùn ń gbé lọ, bẹ́ẹ̀ náà ló ń gbé ooru ara èèyàn lọ. Ọwọ́ ló sì kọ́kọ́ ń ràn. Ọwọ́ náà ni èèyàn fi ń fún bíréèkì, òun náà la fi ń fa kílọ́ọ̀ṣì. Bí ìka bá ti kú tipiri, ẹni náà ti di èrò lórí alùpùpù ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti aṣọ, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ará ilé wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú òtútù máa ń fàbọ̀ sí. Aṣọ kan tó nípọn kò tó aṣọ mẹ́ta tó fúyẹ́ tí a wọ̀ lé ara wọn, torí atẹ́gùn tó há sáàárín wọn ló ń dá ooru dúró. Èyí tó kan ara kò gbọ́dọ̀ jẹ́ òwú. Òwú dára ní Ìbàdàn, àmọ́ bó bá ti mu omi tàbí òógùn, kì í tètè gbẹ, á sì máa fa ooru jáde lára. Aṣọ onírun àgùntàn ló dára jù, tàbí èyí tí wọ́n fi ọ̀rá hun fún àwọn eléré ìdárayá. Lórí rẹ̀ la ó wọ èyí tó nípọn díẹ̀, ká tó wá wọ èyí tí atẹ́gùn àti òjò kò lè là kọjá. Bàtà kò gbọ́dọ̀ fún ẹsẹ̀ pinpin, torí ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ rí àyè kọjá. Sístà ní kí kálukú di ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ méjì, ìbọ̀wọ́ kan àti ṣòkòtò kan sínú ọ̀rá, kó so ó pa kí omi má wọ̀ ọ́. Àbúrò rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ẹ̀rín ti tán.

Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Rhayader la ti dúró mu tíì. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo pátákó ojú ọ̀nà ló ní èdè méjì, ti Wales àti ti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ ARAF gàdàgbà sójú títì níbi tí ọ̀nà bá ti kọ́, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí èèyàn rọra. Bàbá Ìjẹ̀bú ní, “Ẹ wò ó, ‘ẹ rọra’ ni wọ́n fẹ́ kọ, ẹnu ló kọlọ́lọ̀.” Ọ̀rọ̀ àwàdà ni, àmọ́ ó ṣe mí ní kàyéfì pé àwọn tí èdè Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá ilé wọn ṣì ń fi èdè tiwọn kọ́ ọmọ nílé ìwé, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní Birmingham kò lè kí bàbá wọn káàárọ̀.

Kété tí ẹ bá fi Rhayader sílẹ̀ ni ẹ ó bọ́ sí Àfonífojì Elan. Dáàmù olókùúta ló wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àtẹ̀gùn, omi ń ṣàn bọ́ lórí wọn bí aṣọ funfun. Ẹ má rò pé ẹwà lásán ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ wọn. Nítorí omi ni ìlú Birmingham ṣe kọ́ wọn. Nígbà tí iléeṣẹ́ ń pọ̀ sí i ní Birmingham láàárín ọdún 1800 sí 1900, omi tí àwọn èèyàn ń mu kò dára, ibà jẹ̀funjẹ̀fun, onígbáméjì àti ìgbẹ́ gbuuru sì ń pa wọ́n, pàápàá àwọn ọmọdé. Ìgbìmọ̀ ìlú náà gba òfin lọ́dún 1892 láti wá bu omi lórí òkè Wales. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1893, Ọba Edward Keje sì ṣí i lọ́dún 1904. Páìpù àti ihò abẹ́ ilẹ̀ tó gùn tó máìlì 73 ló ń gbé omi náà lọ. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń tì í. Orí òkè ló ti ń bọ̀, ó ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ díẹ̀díẹ̀, yóò sì lò tó ọjọ́ kan ààbọ̀ kó tó dé. Omi tí mo fi ń se ẹ̀bà nílé nìyẹn.

Àwọn kan sì san gbèsè rẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tí wọ́n ní kó kẹ́rù kúrò nínú àfonífojì náà, ilé ìwé, ilé ìjọsìn àti ilé àgbẹ̀ wọn sì bọ́ sábẹ́ omi. Onílẹ̀ nìkan ni wọ́n san owó fún, àwọn tó ń yá ilẹ̀ dá kò rí kọ́bọ̀. Àwọn àgbà tó rántí bí wọ́n ṣe kó àwọn ará Bussa kúrò nígbà tí wọ́n ń kọ́ dáàmù Kainji láàárín ọdún 1960 sí 1969 yóò mọ irú ìrora bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó yẹ kí ìwé ìlera sọ. Wọ́n kọ́ abúlé kan fún àwọn òṣìṣẹ́ dáàmù, ó ní ilé ìwòsàn àti ilé ìwé. Odò ló yà á sọ́tọ̀. Òṣìṣẹ́ tuntun tó bá dé kò lè kàn wọlé bẹ́ẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ sùn nílé kan ní òdì kejì odò, kí wọ́n yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ó ní àrùn tó ń ràn, kí wọ́n sì pa iná ara rẹ̀, kó tó lè gba orí afárá kọjá. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lórí afárá náà tún ń yẹ ẹrù wò kí ẹnikẹ́ni má bàa kó ọtí wọlé. Lẹ́yìn àrùn Kòrónà, kò sẹ́ni tí a tún máa ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún.

Dáàmù Claerwen ló tóbi jù nínú wọn, àmọ́ òun ló dé kẹ́yìn. Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ló ṣí i lọ́dún 1952. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 56. Níbẹ̀ ni ọ̀dà ti tán, tí ọ̀nà olókùúta bẹ̀rẹ̀, tó gba ẹ̀gbẹ́ adágún omi náà lọ sórí òkè tó ga ju mítà 400 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ níbẹ̀, ẹ sọ fún un pé kì í ṣe gbogbo ọ̀nà orí òkè ni òfin fàyè gba alùpùpù. Òfin ọdún 2006 kan ti ti púpọ̀ nínú wọn pa mọ́ ẹ́ńjìnnì. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń gun ọ̀nà bẹ́ẹ̀ máa ń mọ èyí tó ṣí àti èyí tí wọ́n ti pa, kí èèyàn bi wọ́n kó tó gbéra. Alùpùpù náà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àti ìwé ìbánigbófò bíi ti títì. Ẹni tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ alùpùpù ńlá tí kò ní òdiwọ̀n gbọ́dọ̀ pé ọdún 24, àfi bó bá ti fi ọdún 2 lo èyí tó kéré sí i, ìyẹn lè gbà á ní ọdún 21.

Láti ibẹ̀, ilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbalaja. Kò sí igi, kò sí ilé, koríko pupa rẹ́súrẹ́sú àti àgùntàn nìkan ni, yìnyín sì bo orí àwọn òkè tó ga jù. Àwọn kan ń pe agbègbè náà ní aṣálẹ̀ tútù ilẹ̀ Wales. Fóònù kì í mú. Bí alùpùpù bá dákẹ́, ìró atẹ́gùn nìkan ni etí ń gbọ́, àti ti àwòdì pupa tó ń fò yípo lókè. Àwòdì yẹn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan, àárín òkè Wales yìí ni ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù fara pamọ́ sí.

Lórí òkúta, ìdúró ni èèyàn fi ń gun alùpùpù, kì í jókòó. Á dúró lórí ìtẹ̀sẹ̀, á jẹ́ kí orúnkún rọ̀, á sì gbé ojú síwájú dípò kó máa wo táyà. Kò yẹ kí eékún di eegun. Iṣẹ́ ńlá ni fún itan àti ẹ̀yìn, ó ń mú kí èèyàn làágùn lábẹ́ aṣọ nínú òtútù, òógùn náà yóò sì di ọ̀tá bí ẹ bá dúró. Atọ́nà ló ń ṣáájú, ẹni tó lọ́ra jù ló tẹ̀ lé e, kí gbogbo wa lè máa rìn ní ìwọ̀n tirẹ̀. Sístà ló wà lẹ́yìn pátápátá, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí omi bá pa ọ̀nà, Atọ́nà á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́ wò.

Géètì àwọn àgbẹ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà. Òfin Sístà ni pé bí a bá ti dé géètì, kí kálukú bọ́ ìbọ̀wọ́, kó fi àtàǹpàkò kan ìka ọmọńdinrín, kó sì sọ gbólóhùn kan tó péye sétí òun. Ó dà bí eré ọmọdé. Ẹni tí kò bá lè fi àtàǹpàkò kan ọmọńdinrín mọ́, òtútù ti ń wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ, bó tilẹ̀ ń búra pé kò sí nǹkan kan.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí Bàbá Ìjẹ̀bú ṣubú sínú omi. Kò yára rárá. Táyà iwájú yọ̀ lórí òkúta abẹ́ omi, ó rọra dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni fẹ́ sinmi, omi sì bò ó dé ìbàdí. A gbé alùpùpù, a gbé e. Eegun kankan kò ṣẹ́, ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Sístà ní kó pààrọ̀ ṣòkòtò lójú ẹsẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, mi ò ní bọ́ ṣòkòtò níwájú obìnrin nínú òtútù yìí. Ẹ jẹ́ ká lọ, ara mi yóò gbẹ.” Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ àgbà ṣe rí, kò sẹ́ni tó fẹ́ bá a jiyàn. Ó gun alùpùpù rẹ̀.

Ní géètì tó tẹ̀ lé e, ó ń gbọ̀n. Sístà ní kò burú, ara tó ń gbọ̀n ṣì ń jà. Géètì kejì ló ti kọ́kọ́ kanra mọ́ Àbúrò láìnídìí, èyí tí kì í ṣe ìwà rẹ̀. Ní géètì kẹta, ó sọ̀kalẹ̀ láti ṣí i, ó di ìrin náà mú, ó kàn ń wò ó. Kò rántí bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ahọ́n rẹ̀ wúwo bíi ti ẹni tó mutí. Ohun tó sì ba Sístà lẹ́rù jù ni pé kò gbọ̀n mọ́. Àwa tí a kò mọ nǹkan kan rò pé ara rẹ̀ ti ń yá nìyẹn. Sístà kígbe pé, “Dádì, ẹ fi àtàǹpàkò kan ọmọńdinrín!” Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò bá a.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ooru inú ara ẹni tó ní àlàáfíà máa ń wà ní nǹkan bíi dígírì 37. Bó bá já wálẹ̀ sísàlẹ̀ 35, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà. Èèyàn á kọ́kọ́ máa kùn, ọwọ́ rẹ̀ á máa tàsé nǹkan, á máa kọsẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa lọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ti dé ibi tí ara kò gbọ̀n mọ́, tí oorun ń kun onítọ̀hún, agbára ara ń tán lọ nìyẹn, ọkàn sì lè dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣe kò ní mọ̀, nítorí ọpọlọ tí ì bá fi mọ̀ ni òtútù kọ́kọ́ mú. Ìdí nìyí tí a kì í dá irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé kékeré olókùúta kan wà nítòsí ibẹ̀, Claerddu ni wọ́n ń pè é, tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn arìnrìnàjò, wọn kì í tì í pa. A mú Bàbá wọ ibẹ̀. Kò sí ìtìjú mọ́. Sístà bọ́ gbogbo aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀, ó nù ún gbẹ láìfi agbára ra á, ó wọ aṣọ gbígbẹ fún un, ó fi fìlà onírun bò ó lórí dé etí, ó sì ti í bọ inú àpò ìsùn. Èmi àti Sístà sún mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì kí ooru ara wa lè ràn án. Àbúrò fa ìgò ṣìnáàpù kékeré kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó ní kí Bàbá fi kan ọ̀fun. Ojú tí Sístà fi wò ó, mo rò pé ó ṣì ń lá a di òní! Ọtí máa ń mú kí àwọ̀ ara móoru lóòótọ́, àmọ́ ooru inú lọ́hùn-ún ló kó wá síta, á sì lọ dànù. Bákan náà ni wọn kì í fi ọwọ́ tàbí aṣọ gbo ẹsẹ̀ àti apá irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í gbé e sínú omi gbígbóná. Nígbà tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ife mú dáadáa, ni Sístà tó fún un ní tíì onítṣúgà láti inú fláàsìkì.

Mo fẹ́ tan sítóòfù kékeré tí a fi ń se omi kí yàrá náà lè móoru. Sístà ní kí n gbé e sí ẹnu ọ̀nà, kí n sì ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé kó jẹ́ kí òtútù wọlé, ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Iná tó ń jó nínú yàrá tí a tì pa máa ń tú èéfín kan jáde tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì lè rí. Á dà bí ẹni pé oorun ń kun èèyàn, á sì sùn lọ láìjí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìkòkò èédú wọ yàrá sùn nígbà ọyẹ́ ní Jos, tàbí tí ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, èéfín kan náà ni mò ń sọ.

Atọ́nà àti Àbúrò ti sọ̀ kalẹ̀ lọ wá ibi tí fóònù yóò ti mú. Lókè òkè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 999 tàbí 112 la ń pè. A ó ní kí wọ́n fún wa ní ọlọ́pàá, a ó wá sọ pé àwọn agbanilà orí òkè la fẹ́. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, àwọn fúnra wọn kò sì gba owó oṣù lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ tiwa, ilé àgbẹ̀ kan ni wọ́n kọ́kọ́ kàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti tẹ àwọn aláṣẹ láago. Àgbẹ̀ náà, tí irun rẹ̀ funfun ju ti Bàbá lọ, gbé Land Rover rẹ̀ wá títí dé ibi tí ọ̀nà gbé e dé, ọkọ̀ aláìsàn sì pàdé wọn lábúlé. Bàbá ti ń sọ̀rọ̀ ketekete nígbà náà, ó tilẹ̀ ń bínú pé wọ́n fẹ́ gbé òun lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n gbé e lọ náà ni. Wọ́n dá a dúró di òwúrọ̀.

Ohun tí dókítà sọ fún un ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin àgbà gbọ́. Bí èèyàn bá ti ń dàgbà, awọ ara kì í tètè sọ fún ọpọlọ mọ́ pé òtútù ń mú òun, ara kì í sì í gbọ̀n tó bó ṣe yẹ. Bàbá sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó wà lára irú èyí tó ń dín ìlù ọkàn kù, ìyẹn máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ìka kù. Kò sẹ́ni tó ní kó jáwọ́ nínú oògùn rẹ̀ o. Kí onítọ̀hún mọ̀ ni, kí àwọn tó bá jáde náà sì mọ̀. Èèyàn kò nílò òkè Wales kí èyí tó ṣe é. Ìmọ̀ràn tí wọ́n ń gba àwọn àgbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí yàrá tí wọ́n bá wà má tutù ju dígírì 18 lọ, ọ̀pọ̀ ìyá wa tó lọ bá ọmọ gbé níbẹ̀ sì máa ń pa ẹ̀rọ amúlémóoru nítorí owó iná. Bí ẹ bá pè é lórí fóònù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fà, tí ó ń dàrú, ẹ má kàn sọ pé ọjọ́ orí ni, ẹ bèèrè bóyá yàrá rẹ̀ móoru.

Ti àwọn ọmọ tó ní àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tún le jù. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS tàbí SC, òtútù, òùngbẹ àti àárẹ̀ lè dá ìrora rẹ̀ sílẹ̀, gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì pé sórí òkè lọ́jọ́ yẹn. Kí a tó kúrò ní Birmingham ni Sístà ti bi kálukú léèrè irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú oògùn tí oníkálukú ń lò. Ìwé yẹn ló fà lé dókítà lọ́wọ́.

Abúlé Pontrhydfendigaid la sùn, ẹ má ní kí n pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ọbẹ̀ àgùntàn tí wọ́n ń pè ní cawl ni wọ́n bù fún wa, ànàmọ́ àti ewé kan tó jọ àlùbọ́sà eléwé ló wà nínú rẹ̀. Kò ní ata rárá, síbẹ̀ n kò jẹ ọbẹ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ibẹ̀ la wà tí ìyá Àbúrò fi pè. Ó ní, “Ṣé o ò sí lórí alùpùpù yẹn?” Àbúrò ní, “Mọ́mì, mo jókòó, mò ń jẹun ni.” Ìyá ní òun kò bi í ní oúnjẹ. Sístà gba fóònù, ó kí i dáadáa, ó sì rọra sọ ohun gbogbo tó ṣẹlẹ̀ fún un, kò fi bò. Ìyá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Báwo lẹ ṣe ń ṣe ìka yẹn? Bàbá wọn wà ní yàrá níbí, ọyẹ́ ń mú wọn.”

Ní ọjọ́ Àìkú, Bàbá Ìjẹ̀bú wọ rélùwéè láti Aberystwyth lọ sí Birmingham tààrà, ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ pàdé rẹ̀, alùpùpù rẹ̀ sì sùn sí ilé àgbẹ̀ yẹn di ọ̀sẹ̀ kejì. Àwa tó kù yà wo Strata Florida, ilé ìjọsìn àwọn ọkùnrin ẹlẹ́sìn tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1164. Ògiri àti ẹnu ọ̀nà kan tí wọ́n gbẹ́ lọ́nà àrà ló kù níbẹ̀. A kò gba orí òkè mọ́, títì ọlọ́dà la gbà bọ̀. Yìnyín ti di dígí tín-ín-rín níbi tí òjìji bá ṣíji bo títì àti lórí àwọn afárá, ojú kò sì lè rí i, nítorí náà a rọra ń bọ̀ bí ẹlẹ́dẹ̀ tó lóyún.

Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa ń da iyọ̀ sí títì nígbà òtútù kí omi má bàa dì, iyọ̀ náà sì ń jẹ irin. Ẹni tó bá dé láti irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sùn lé e. Omi tútù lásán ni kó fi fọ alùpùpù rẹ̀, kó má lo gbígbóná, torí ìyẹn ló ń mú kí iyọ̀ ṣiṣẹ́ kíákíá. Kó nù ún, kó fi epo sí ṣéènì. Àbúrò bá Bàbá Ìjẹ̀bú fọ tirẹ̀ nígbà tó dé, Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí ẹsẹ̀, ó ń nawọ́ sí ibi tí kò mọ́.